ỌMỌ TÓ Ń BÉÈRÈ KÌ Í ṢE ALÁÌGBỌRÀN

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

  

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ohun tí a sábà máa ń kọ ni ti ilé tí a kọ́, àga tí a rà, agogo tí a so, àti orúkọ àwọn tí ó ná owó sí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kì í ṣe ti ilé. Ti àwọn tí yóò jogún ilé náà ni. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá gbọ́ òwe yìí, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ilé-ìwé, Bíbélì, ìkíni, àti pàṣán. Èmi fẹ́ bèèrè ohun kan sí i. Ọmọ tí kò fi ojú ara rẹ̀ wo ayé tí Ọlọ́run dá rí, tí kò mọ igi, tí kò mọ ẹyẹ, tí kò mọ ohun tí ń rìn lórí ilẹ̀, ṣé a lè sọ pé a ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú yín nìyí: bí ọmọdé bá ń bèèrè nípa ohun tí ó rí ní ìta, ṣé àrífín ni, àbí ọ̀nà kan láti mọ Ẹlẹ́dàá ni? Bí ó bá fẹ́ jáde lọ wò ó, ṣé kí á dá a dúró ni, àbí kí á bá a lọ?

BÍ ỌMỌ WA ṢE Ń DÀGBÀ

Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ ìgboro ti òde òní. Ó jí, wọ́n wẹ̀ fún un, ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé-ìwé. Ó dé, ó jẹun, ó lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Fẹ́ǹsì yí ilé ká, sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, kò sí ibi tí koríko ti lè yọ orí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tẹlifíṣọ̀n ni, bí kò bá sì jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, fóònù ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ náà mọ kìnnìún ilẹ̀ òkèèrè, ó mọ yìnyín tí kò rí rí, ṣùgbọ́n ẹ mú ewé iṣu àti ewé kókò síwájú rẹ̀, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ bi í pé níbo ni ẹ̀pà ti ń so, ó lè sọ fún yín pé orí igi ni. Ó ti ka ẹ̀yà ara òdòdó sórí fún ìdánwò, ó sì gba máàkì púpọ̀, kò sì tíì fi ọwọ́ kan òdòdó rí.

Ọmọ ìgbà àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko, ó ń gbé agbọ̀n, ó ń lé ẹyẹ. Lójú ọ̀nà ni ó ti mọ ìrókò yàtọ̀ sí àràbà. Ó mọ̀ pé bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ikán oníyẹ̀ẹ́ yóò fò jáde nírọ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé ìgbín máa ń fi ohun funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì sùn títí òjò yóò fi dé. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára tán o. Iṣẹ́ pa ọmọ mìíràn, ọ̀pọ̀ ni kò sì rí ilé-ìwé lọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ìdáǹdè ńlá ni ó jẹ́ fún ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó ní oko tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ọmọ ti ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kò sì kúrò lórí ilẹ̀. Lónìí ilé-ìwé pọ̀, ilẹ̀ ni ọmọ kò rí tẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ìyẹn kò kan ìjọ. Ọ̀rọ̀ tísà ni." Ẹ jẹ́ kí á yẹ Bíbélì wò.

Nígbà tí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 4, fẹ́ fi bí ọgbọ́n Sólómọ́nì ti tó hàn wá, kì í ṣe ogun tí ó jà ni ó kà sílẹ̀. Ó ní ó sọ̀rọ̀ nípa igi, láti orí kédárì ńlá ti Lẹ́bánónì títí dé hísópù kékeré tí ń hù lára ògiri, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹranko, ẹyẹ, ohun tí ń fà lórí ilẹ̀, àti ẹja. Ẹ rò ó wò. Ọba tí ó ní ìjòyè àti ẹṣin ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo koríko ara ògiri. Bí kò bá wò ó, kí ni yóò sọ nípa rẹ̀? Nínú ìwé Òwe, ọ̀dọ̀ èèrà ni a rán ọ̀lẹ lọ kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Jóòbù náà sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ bi ẹranko àti ẹyẹ léèrè, wọn yóò kọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà kó òkúta 12 jọ. Kí ni ó fi wọ́n ṣe? Kí àwọn ọmọ lè rí wọn, kí wọ́n sì bèèrè ìtumọ̀ wọn lọ́wọ́ bàbá wọn. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́run fi ohun tí yóò fa ìbéèrè sílẹ̀ fún ọmọdé, ó sì fi ìdáhùn lé àgbà lọ́wọ́. Bàbá tí ó bá ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, o ti ń bèèrè jù," kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó pa lẹ́nu mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Olúwa wa ńkọ́? Ọmọ ọdún 12 ni, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wá a títí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí i nínú Tẹ́ńpìlì láàrin àwọn olùkọ́. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláfojúdi. Nígbà tí ó dàgbà tí ó ń wàásù, tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe máa ṣàníyàn, ẹyẹ ojú ọ̀run àti òdòdó inú pápá ni ó ní kí wọ́n wò. Ẹ̀yin ará, ìwàásù yìí, ta ni ó lè yé? Ẹni tí ó ti wo ẹyẹ rí ni. Ọmọ tí kò jókòó wo ẹyẹ ẹ̀gà rí, bí ó ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ilé rẹ̀ láìní abẹ́rẹ́ láìní òwú, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí Olúwa ń sọ? A ń ka ẹsẹ náà sí i létí lọ́dọọdún, a kò sì jẹ́ kí ó rí ohun tí ẹsẹ náà ń tọ́ka sí.

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ Aládùúrà náà mọ èyí. Ní 1928, ojú ọ̀nà ni Josẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá wà, tí ó ń wa katakata tí à ń fi ń tẹ títì láàrin Iléṣà àti Àkúrẹ́, nígbà tí ó gbọ́ ìpè. Ìkẹ́jì-Arákejì ni ibẹ̀, yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè sì wà níbẹ̀ lónìí. Orí òkè àti inú igbó ni àwọn bàbá wa ti ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Ìjọ tí ìta ti tọ́ dàgbà ni wá. Kò yẹ kí á tún wá máa tọ́ ọmọ wa bí ẹni pé ìta kì í ṣe ti Ọlọ́run.

Ẹ̀RÙ ẸYẸ KÌ Í ṢE ÌBẸ̀RÙ ỌLỌ́RUN

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ le. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, "Akọ̀wé, igbó kì í ṣe ibi eré. Àwọn ẹyẹ kan wà tí kì í ṣe ẹyẹ lásán."

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé agbára òkùnkùn wà. Ìjọ tí mo wà mọ ohun tí à ń pè ní ìjà ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀rù láìsí ìmọ̀ ń ṣe fún wa. Ẹ wo òwìwí. Bí ó bá bà sórí òrùlé lálẹ́, a ó ní àjẹ́ ni, a ó kó ọmọ jọ, a ó sọ ọ́ ní òkò pa. Kí ni òwìwí ń wá kiri lálẹ́? Eku ni. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Àwa ni a pa ọdẹ tí ń bá wa pa eku, eku sì wọ inú gààrí. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ mọ àìsàn Lásà ní ìlú Lassa, ní apá ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Borno, eku kan ni ó sì ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kó o bá oúnjẹ ènìyàn. Láti ìgbà náà ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ṣé ẹ ti rí i? Ẹyẹ tí à ń bẹ̀rù kò pa wá. Ohun tí ń pa wá, a kò bẹ̀rù rẹ̀, ìdérí agolo gààrí ni a kò rántí dé. Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gà, tí àwọn kan ń pè ní agẹmọ. Bí ọmọ bá rí i, igbe ni a ó ké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ wò ó yóò rí i pé ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn, olúkúlùkù ń yí lọ́tọ̀. Yóò rí ahọ́n rẹ̀ tí ó gùn tí ó fi ń mú eṣinṣin. Ta ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí? Ọmọ tí ó bá rí i yóò yin Ọlọ́run láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó wí "Halelúyà".

Ohun kan tún wà. Àwọn àgbà wa máa ń fi ẹ̀rù dáàbò bo ọmọ. Wọ́n á ní, "Má ṣe súfèé lálẹ́, ejò á wọlé." Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, kí ilé lè dákẹ́, kí ọmọ má sì máa rìn kiri lóru. Ṣùgbọ́n ọmọ yóò dàgbà. Lọ́jọ́ kan yóò súfèé lálẹ́, ejò kò ní wọlé. Kí ni yóò rò? Yóò rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, yóò sì sọ ìkìlọ̀ tòótọ́ nù pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rù. Yóò wá máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú koríko lóru láìtan iná. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ejò máa ń jáde lálẹ́ láti wá eku àti ọ̀pọ̀lọ́, kí ó tan iná, kí ó wọ bàtà, ìkìlọ̀ yìí yóò bá a dàgbà. Ìdí tí a bá sọ fún ọmọ máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ẹ̀rù tí a fi bà á.

Àwọn mìíràn tún ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá ń bèèrè nípa òjò àti ìràwọ̀ yóò bèèrè títí yóò fi bèèrè nípa Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò bèèrè. Ẹ jẹ́ kí ó bèèrè lọ́wọ́ yín nínú ilé, kí ó má bàa lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Òtítọ́ kì í sá fún ìbéèrè. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ pé, "Èmi náà kò mọ̀. Jẹ́ kí á jọ wò ó." Gbólóhùn yìí kì í yọ iyì kúrò lára àgbà. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò mọ̀ pé bàbá òun kì í purọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

BÍ EJÒ BÁ BÙ Ú JẸ ŃKỌ́?

Mo bá ìyá kan nínú ìjọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Bí ejò bá bù ú jẹ ńkọ́? Bí ó bá kó sómi ńkọ́?" N kò lè fi ìyá náà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Láyé tí a wà yìí, ejò nìkan kọ́ ni ewu. Ọkọ̀ wà, kànga tí a kò dé wà, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí á tú ọmọ sílẹ̀ bí ewúrẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á bá a lọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ àgbà kì í ṣe láti ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ àgbà ni láti di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ẹ gbọ́ ìlànà díẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan lè tẹ̀ lé:

1. Kí ọmọ má ṣe dá lọ. Kí àgbà kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára wọn, kì í ṣe ẹni tí yóò máa tẹ fóònù.

2. Kí wọ́n wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Kí wọ́n má ti ọwọ́ bọ inú ihò, kí wọ́n má sì ṣí òkúta tàbí igi tó ti wó láìfi ọ̀pá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àkeekèé àti ejò.

3. Kí wọ́n má fi ewé, èso tàbí olú tí àgbà kò mọ̀ kan ẹnu. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

4. Kí wọ́n má wọ odò lọ wẹ̀. Yàtọ̀ sí ti rírì sómi, àrùn kan wà tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Inú omi ni aràn rẹ̀ ti ń gba ara ènìyàn wọlé, ara àwọn ìgbín omi kéékèèké ni ó sì ti ń jáde. Ọmọ lè dúró létí odò kí ó wo ẹja.

5. Bí ààrá bá ń sán, ilé ni kí gbogbo ènìyàn wọ̀, kì í ṣe abẹ́ igi.

6. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, a kò gbọ́dọ̀ fi abẹ sín in, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa oró, a kò sì gbọ́dọ̀ fi okùn dè é pinpin. Kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà má mì, kí á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá níbi tí abẹ́rẹ́ oró ejò wà. Àdúrà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á máa gbà á lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí ó mọ ìlànà mẹ́fà yìí, ó ní ààbò ju ọmọ tí a tì mọ́lé lọ. Ìdí ni pé ilẹ̀kùn tí a tì, a ó ṣí i lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà yóò lọ sí àgùnbánirọ̀, yóò lọ sí iṣẹ́, yóò lọ sí ibi tí ojú wa kò tó. Ìmọ̀ nìkan ni ó lè bá a lọ.

OHUN TÍ KÒ NÍ NÁ WA LÓWÓ

Kò dìgbà tí a bá ní ọkọ̀ tàbí owó kí á tó ṣe é. Ẹ bu omi tí tanwíji wà nínú rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í lẹ́nu dáadáa. Kí ọmọ máa wò ó lójoojúmọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò rí i pé ohun tí ń jó nínú omi náà ti di ẹ̀fọn. Ẹ wá sọ fún un pé tẹ́lẹ̀ rí, àwọn ènìyàn wa ń sọ pé oòrùn ni ó ń fa ibà, tàbí epo tí ó pọ̀ jù. Ní 1897 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, ní ilẹ̀ Íńdíà, nítorí pé ó jókòó wò ó, kò sì káàárẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí ìgò yìí, ẹ kò ní sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó da omi inú táyà àlòkù nù.

Ẹ fún un ní ẹ̀pà díẹ̀ kí ó gbìn ín sínú agolo ńlá. Yóò rí i pé òkè ni òdòdó ti yọ, ṣùgbọ́n bí òdòdó bá rọ tán, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ, yóò sì kọ orí sísàlẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀pà yóò ti so. Nígbà tí ó bá fà á tu, kí ó wo gbòǹgbò rẹ̀. Yóò rí kókó kéékèèké lára rẹ̀. Nínú kókó yìí ni àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí wà, tí wọ́n ń mú nǹkan láti inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀pà. Ohun tí ó kù nínú gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ máa ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yìí mú mi rántí ọkùnrin kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa mọ̀. George Washington Carver ni orúkọ rẹ̀. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1864. Ìkókó ni ó wà nígbà tí àwọn ajínigbé gbé ìyá rẹ̀ lọ, kò sì mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ kò le, nítorí náà wọn kì í fi iṣẹ́ agbára fún un, ó sì ń ráyè wọ inú igbó lọ, ó ń kó ewé, òdòdó àti kòkòrò jọ. Ó dá ọgbà kékeré kan sínú igbó. Kò pẹ́, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí gbé òdòdó tí ń ṣàìsàn wá bá a, wọ́n ń pè é ní dókítà ewéko. Ilé-ìwé gíga kan gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé dúdú ni, wọ́n lé e padà. Kò dáwọ́ dúró. Ní 1896 ó di olùkọ́ ní Tuskegee, ní Alabama. Òwú ti gba agbára ilẹ̀ tán lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ dúdú ibẹ̀. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa gbin ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún sí ilẹ̀ náà tẹ̀ lé òwú, kí ilẹ̀ lè sinmi, kí ọmọ wọn sì rí oúnjẹ gidi jẹ. Ó tún ṣe ìwé pélébé fún àwọn olùkọ́ lórí bí wọn yóò ti fi ọgbà kọ́ ọmọdé. Àní nígbà tí ó dàgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń wọ inú igbó lọ, ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Ó kú ní 1943.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè. Ká ní ẹni tí ó tọ́ ọmọ aláìníyàá yìí dá ewé ọwọ́ rẹ̀ nù, tí ó ní, "Ìdọ̀tí kí lo kó wọlé yìí?", àwọn àgbẹ̀ mélòó ni kò bá má rí ẹni kọ́ wọn? A kò mọ irú ọmọ tí ó jókòó sórí àga ìjọ wa lónìí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pẹ̀ka kò gbọ́dọ̀ gé gbòǹgbò.

KÍ ỌMỌ WÒ, KÍ Ó MÁ ṢÌKÀ

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Wíwò yàtọ̀ sí pípa. Ọmọ tí ó bá so okùn mọ́ alángbá lọ́rùn tí ó ń fà á kiri kò kẹ́kọ̀ọ́ kankan, ìkà ni ó ń kọ́. Ẹni tí yóò bá fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí á kọ́ ọmọ pé ohun tí a bá ṣí wò, kí á dá a padà. Ilé ẹyẹ tí a rí, kí á fi ojú wò ó. Ọmọ tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ láti ṣàánú ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, ó ti ń kọ́ bí yóò ti ṣàánú arúgbó àti aláìsàn.

Nípa ti ìjọ, mo fi àbá kan síwájú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ̀kọ́ má wà nínú ilé. Kí a kó àwọn ọmọ lọ sí abẹ́ igi, kí olúkúlùkù wá ohun kan tí Ọlọ́run dá, kí ó wò ó, kí ó sì sọ ohun mẹ́ta tí ó rí lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a ka Bíbélì. Bí ọwọ́ bá tó owó ọkọ̀ lọ́dún kan, ibi lílọ pọ̀. Ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-pamọ́ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ní Lẹ́kí, ní Èkó, ọgbà ìdáàbòbò igbó kan ti wà láti 1990, ní 2015 wọ́n sì ṣí afárá tí a fi okùn so sókè láàrin igi níbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ṣùgbọ́n ìjọ tí kò bá ní owó kò pàdánù. Patanmọ́ tí ń pa ewé rẹ̀ dé bí ọwọ́ bá kàn án ń hù létí ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣùpá kò gba owó ìwọlé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí mo ní sọ nìyí. Ọmọ tí ń bèèrè kò fojú di wá. Ó gbà pé a mọ ohun kan tí òun kò mọ̀ ni ó ṣe wá bá wa. Ọjọ́ tí ó bá dákẹ́ tí kò bèèrè mọ́, kì í ṣe pé ó ti gbọ́ràn o. Ó lè jẹ́ pé ó ti rí ẹlòmíràn tí ń dá a lóhùn. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, kí àjọ̀dún tó tutù lára wa, kí olúkúlùkù di ọmọ kan lọ́wọ́ mú, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ará ilé, kí ó mú un jáde lọ wo ohun kan. Kí ó sì ní sùúrù dúró títí ọmọ náà yóò fi bèèrè.

Kí Olúwa, ẹni tí ó dá ọ̀run àti ayé, la ojú àwọn ọmọ wa kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí ó fún àwa àgbà ní sùúrù láti dáhùn, kí ó sì fi ìṣọ́ rẹ̀ yí wọn ká ní ilé àti ní oko. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé, a ó sì fi ẹ̀yìn ti ọmọ tó gbọ́n, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.